Ẹ̀rọ Béèrè, Èmi Kò Béèrè

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti mọ òwe yìí. Mo ti fi parí àròkọ tó ju mẹ́wàá lọ nínú ìwé ìròyìn, mo sì ti fi bá tọkọtaya wí ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi: òwe tí ènìyàn mọ̀ lẹ́nu, ó lè má tíì mọ̀ ọ́n lọ́kàn. Ojú kọ̀ǹpútà kan tí mo rà ní tòkunbọ̀ ní Ìkòtún ló kọ́ mi ní ìtumọ̀ òwe yìí, owó ẹ̀kọ́ náà sì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò nìyí: nígbà tí a kò bá tíì gbọ́rọ̀ láti ẹnu ẹnìkan, irú ènìyàn wo ló yẹ kí a kà á sí? Ṣé kí a kà á sí ẹni rere ni, àbí kí a kà á sí èyí tó kéré jù lọ nínú ohun tó lè jẹ́? Ẹ má tètè dáhùn. Èmi tètè dáhùn ni, ohun tó kó bá mi nìyẹn.

Ìgándò ni mo ń gbé, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo fi ń jẹun. Ilé ni mo ti máa ń kọ àròkọ mi, n óò wá fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Kọ̀ǹpútà tí mo ń lò ti dàgbà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ dúró láti máa bójú tó Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí kọ̀ǹpútà mi kò sì lágbára tó láti gbé èyí tó tẹ̀ lé e, ọmọ àdúgbò wa kan bá mi gbé Linux sí i, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Linux Mint. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí òun náà kò san kọ́bọ̀ kó tó rí i gbà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni iná mànàmáná já dé lálẹ́ ọjọ́ kan bí ẹni tó ń bínú, ó jó ojú kọ̀ǹpútà mi, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní mọ́nítọ̀. Mo bá gba Ìkòtún lọ. Ẹni tó bá mọ Ìkòtún mọ̀ pé bí ènìyàn bá ní sùúrù, tó sì di àpò rẹ̀ mú, kò sí ohun tó ń wá tí kò ní rí. Nínú ìsọ̀ kékeré kan nítòsí ọjà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ gbé mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ kan síwájú mi. Ó fẹ̀, ó sì mọ́. Ó tàn án fún mi wò, lẹ́tà ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Mo ná an títí, mo san ₦65,000, mo gbé e lọ sílé.

Nígbà tí mo délé, iná ti lọ. Mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà mi àtijọ́ so mọ́nítọ̀ tuntun náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Wáyà náà kò fẹ́ wọlé. Mo tì í, ó kọ̀. Mo fi agbára tì í, ó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tan kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí mo rà. Lẹ́tà wú bíi búrẹ́dì tó jábọ́ sínú omi. Fọ́tò ìgbéyàwó wa ló máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà mi. Ojú ìyàwó mi fẹ̀ gbàgàdà bíi pé ènìyàn jókòó lé e. Mo lọ síbi tí a ti ń tún ìwọ̀n àwòrán ṣe, ìlà mẹ́ta péré ni mo bá níbẹ̀: 1024×768, 800×600 àti 640×480. Bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin náà ti sọ fún mi pé 1920×1080 ni mọ́nítọ̀ yìí ń gbé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé, kó fetí sílẹ̀ díẹ̀. Àmì kéékèèké ló ń para pọ̀ di àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń para pọ̀ di adé ọba. Bí àmì bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe ń mú tó. 1920 lọ́nà 1080 jẹ́ àmì 2,073,600. 1024 lọ́nà 768 jẹ́ 786,432. Ìyẹn ni pé ohun tí mo ń rí kò tó méjì nínú márùn-ún ohun tí mo sanwó fún.

Kí n tó pa ẹ̀rọ náà, ìdájọ́ ti parí lọ́kàn mi. Mo ní ọmọ yìí ti fi ojúlówó hàn mí, ó sì ti gbé ayédèrú lé mi lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo di mọ́nítọ̀ àti wáyà rẹ̀ pọ̀, mo wọ màrúwá, ó di ìsọ̀ náà. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ wọ yunifásítì. Ó ti ka owó náà sọ́wọ́. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo ní, “Ẹ̀yin ọmọ Yahoo yìí! Ẹ ò níṣẹ́ míì ju kí ẹ máa lu àgbàlagbà ní jìbìtì lọ!” Mo sọ ọ́ sókè dáadáa. Àwọn ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yọjú. Ìyá yẹn wo ọmọkùnrin náà, ó wo owó ọwọ́ rẹ̀, ó dá owó náà padà sínú báàgì, ó ní òun ń bọ̀.

Ọmọkùnrin náà kò bú mi. Ó ní, “Ẹ má bínú, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e síná wò.” Wọ́n fi wáyà tiwọn gbé e síná. Ó mú bí abẹ. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo sọ: mo ní idán ni wọ́n ń pa.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Dádì, ṣé wáyà tí ẹ lò nílé nìyí?” Mo ní òun ni. Ó gbé ẹnu wáyà náà sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, ó ń ka àwọn irin tín-ín-rín inú rẹ̀ bí ẹni ń ka eyín ọmọdé. Ó ní, “Eyín kan ti kán níbí, sà.” Ó fi wáyà mi so mọ́nítọ̀ náà mọ́ kọ̀ǹpútà ìsọ̀ wọn, ó pa á, ó tún un tàn. Ojú tiwọn náà wú bí tèmi.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ náà ṣàlàyé fún mi, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Irú wáyà yẹn ni wọ́n ń pè ní VGA. Láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ IBM ni VGA ti jáde ní ọdún 1987. Irin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ní àyè lẹ́nu rẹ̀, ní ìlà mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún. Mẹ́ta nínú wọn ló ń gbé àwọ̀: ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. Ṣùgbọ́n irin kejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún kì í gbé àwọ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, á bi mọ́nítọ̀ léèrè pé, “Ta ni ọ́?” Mọ́nítọ̀ á sì ka oríkì ara rẹ̀ fún un: ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọdún tí wọ́n ṣe é, bó ṣe fẹ̀ tó, àti iye àmì tó lè gbé. EDID ni wọ́n ń pe oríkì yìí. Ọdún 1994 ni àjọ kan tó ń jẹ́ VESA ti là á kalẹ̀, kò sì gùn rárá: byte 128 péré ni, kò tó ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń kọ sínú lẹ́tà ìkíni.

Irin kejìlá ló kán lẹ́nu wáyà mi. Kọ̀ǹpútà béèrè, kò gbọ́ èsì. Kí ni kó wá ṣe? Kò mọ̀ bóyá tuntun ló wà níwájú òun tàbí ògbólógbòó. Bó bá gbé ẹrù tuntun lé ògbólógbòó lórí, ojú rẹ̀ á ṣú dùdù. Láyé àtijọ́, àwọn mọ́nítọ̀ onígò ńlá mìíràn tilẹ̀ lè tibẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà ó mú ìwọ̀n kékeré, èyí tó dá a lójú pé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ìdí tí àwòrán mi fi wú nìyẹn. Mọ́nítọ̀ kò ní àrùn kankan. Ẹni tó tà á kò ṣe jìbìtì kankan. Ọwọ́ mi ló kán irin náà, ní alẹ́ tí mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú.

Wáyà tó dára ti tán nísọ̀ wọn lọ́jọ́ yẹn. Ọmọbìnrin náà ní kí n má mikàn. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn irin tó ń gbé àwọ̀ bá ṣì pé, àwòrán lè kọjá; ohun tó kù ni kí ẹnìkan bá mọ́nítọ̀ sọ̀rọ̀, níwọ̀n bí òun fúnra rẹ̀ kò ti lè sọ̀rọ̀. Ó ya bébà, ó kọ ìlà mẹ́rin sí i. Mo gbà á. Mo ní, “Ó dáa, ó dáa,” bí àgbà ṣe máa ń ṣe nígbà tí kò bá fẹ́ sọ ohun tó yẹ kó sọ. Mo bá tèmi lọ.

Mo délé, mo ṣí ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí. Mo kọ xrandr, ó sọ orúkọ ibi tí mọ́nítọ̀ ti wọlé fún mi: VGA-1. Mo kọ cvt 1920 1080, ó ka òǹkà gígùn kan sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 173.00. Ọmọ náà ní kí n da òǹkà yìí kọ síwájú xrandr --newmode, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wà láyé. Lẹ́yìn náà, kí n fi xrandr --addmode sọ fún un pé VGA-1 lè gbé ìwọ̀n náà. Níkẹyìn, kí n fi xrandr --output VGA-1 --mode pàṣẹ pé kó gbé e. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú, ó ṣú, àyà mi já. Ó wá là. Lẹ́tà dúró ṣánṣán. Ìyàwó mi padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo gbé e níyàwó.

Òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó ti dáa báyìí. Ọmọ yẹn ńkọ́?”

Mo ní, “Ọmọ wo?”

Ó ní, “Èyí tí ẹ pè ní ọmọ Yahoo.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò rí èsì kankan fọ̀. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara mi wé e. Ohun kan náà ló ṣe àwa méjèèjì: a kò gbọ́ láti ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, a sì mú ìwọ̀n tó kéré jù fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa. Èkíní, ẹ̀rọ béèrè kó tó mú ìwọ̀n kékeré. Èmi kò béèrè. Èkejì, ẹ̀rọ mú un kó má baà ba mọ́nítọ̀ jẹ́. Èmi mú un, mo sì fi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ẹni tó mọ mọ́nítọ̀ dé tó jẹ́rìí sí i, ẹ̀rọ yí padà lójú ẹsẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Èmi fojú ara mi rí i nísọ̀ pé ohun tí mo rà dára, mo ní idán ni. Irin tútù lásán ló ṣe ọmọlúàbí jù mí lọ.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo sọ sí ọmọ yẹn. Nílùú wa lónìí, ẹni tí a bá pè ní ọmọ Yahoo ní gbangba, olè la pè é. Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2020. Kí ló lé àwọn ọ̀dọ́ jáde sójú títì? Ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 láti gbógun ti àwọn adigunjalè, ni wọ́n ń fi ẹjọ́ wọn sùn. Lára ohun tí wọ́n ń ké lé lórí ni pé bí ọmọkùnrin bá ti gbé kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn, tàbí tó mú fóònù olówó ńlá dání, tàbí tó di irun, ó ti di ọmọ Yahoo nìyẹn, kò sí pé à ń bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọjọ́ 11 oṣù náà ni wọ́n kéde pé àwọn tú SARS ká. Èmi náà kọ̀wé nígbà náà. Mo fi ìwé bá àwọn ọlọ́pàá wí, mo ní ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ kó kọ́kọ́ béèrè. Mi ò mọ̀ pé SARS kékeré kan ń gbé inú èmi náà, tó ń dúró de ọjọ́ tí ₦65,000 mi máa wọnú ewu.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ìwọ ọkùnrin yìí, Èkó mà lo wà! Bí o bá ń dúró kí gbogbo ènìyàn ka oríkì wọn fún ọ kí o tó ṣọ́ra, ìhòòhò lo máa fi wọlé lálẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́.”

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Jìbìtì ń bẹ, mi ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ti ta bíríkì fún ènìyàn rí nínú páálí fóònù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo rò ó títí, mo rí i pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi pa pọ̀: ìṣọ́ra àti ìdájọ́. Ìṣọ́ra ní, “N kò tíì mọ̀ ọ́.” Ìdájọ́ ní, “Mo mọ̀ ọ́.” Ìṣọ́ra ń di àpò ara rẹ̀ mú, ìdájọ́ ń na ìka sójú ẹlòmíràn. Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe, ìṣọ́ra ni. Ohun tí mo ṣe, ìdájọ́ ni. Ká ní mo wọ ìsọ̀ yẹn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo ní, “Ọmọ mi, ohun tí mo rí nílé yàtọ̀ sóhun tí mo rí níbí, ẹ bá mi wò ó,” kí ni ìbá bọ́ lọ́wọ́ mi? Mọ́nítọ̀ ń bẹ lápá mi, owó mi ń bẹ nínú ọ̀rọ̀, ojú mi sì là sílẹ̀. Ènìyàn lè ṣọ́ra láìbú ẹnikẹ́ni. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ní ti pé kò sẹ́ni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, mo bi ọ̀rẹ́ mi pé ẹ̀rọ tí mo fi ń kọ̀wé yìí ńkọ́? Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan nílùú Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ Linux, ó gbé e síta fún aráyé, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí sì ń bá a tún un ṣe. Linux Mint tí mo ń lò, orí Ubuntu ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ọdún 2004 ni Ubuntu jáde, Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, ló dá a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń fi àwo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, títí di ọdún 2011. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni ubuntu. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹlòmíràn ló ń sọ ènìyàn di ènìyàn, èyí tí àwa fi ń sọ pé ènìyàn laṣọ mi. Ẹ wá wò ó o: inú aṣọ tí àwọn àjèjì bá mi rán lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo wà tí mo ti ń pe ọmọ ọlọ́mọ lólè.

Ẹlòmíràn á ní ṣé kí a wá máa ka gbogbo ènìyàn sí ẹni ńlá ni? Rárá o. Ọmọbìnrin yẹn kìlọ̀ fún mi. Ó ní bó bá jẹ́ mọ́nítọ̀ tó ń gbé 1366×768 ni mo rà, tí mo wá fi tipátipá gbé 1920×1080 lé e lórí, ó lè ṣú mọ́ mi lójú, kó kọ ọ́ síta pé ẹrù yìí ju agbára òun lọ. Mo rántí àwọn bàbá tó ti pinnu pé dókítà ni ọmọ àwọn máa jẹ́, ọmọ fẹ́ràn iṣẹ́ igi, ọmọ mọ iṣẹ́ igi, bàbá ní láéláé. Ẹni tó rẹ ọmọ sílẹ̀ àti ẹni tó gbé e ga ju bó ṣe mọ lọ, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n dá. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà léèrè nínú wọn.

Kì í sì í ṣe ènìyàn kan ṣoṣo la máa ń fi ìwọ̀n kékeré wò. Ìlú náà ń jẹ nínú ìyà yìí. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, iye tí ìjọba àpapọ̀ kọ sílẹ̀ fún Alímọ̀ṣọ́ ni 1,277,714. Iye tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ kà lọ́dún kan náà ni 2,047,026. Ènìyàn 769,312 ló wà láàárín iye méjèèjì. Ìkànìyàn tí wọ́n ní wọn óò ṣe ní ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ẹni tó bá fi iye kékeré pín ọ̀nà, ilé ìwé àti bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, àwòrán rẹ̀ kò ní ṣàì rí bí tèmi: ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn á pọ̀ mọ́ ara wọn, kò ní sẹ́ni tó dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó dúró ní Ìyànà Ìpájà ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kó wo bí wọ́n ṣe ń rọ́ lu dáńfó.

Ó wá ku ẹ̀bẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n pe ọmọkùnrin náà lórí fóònù, nọ́ńbà rẹ̀ wà lójú ìwé ẹ̀rí owó. Ọjọ́ orí mi ló gbà mí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní, “Ṣé orí fóònù lẹ ti bú u ni? Ibi tí ẹ ti bú u ni ẹ ti máa bẹ̀ ẹ́.” Mo bínú díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ màrúwá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kí gbogbo ènìyàn. Mo dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé ohùn sókè tó bí mo ṣe gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Ẹ̀yin ará ìsọ̀, ẹ gbọ́ o. Mo pe ọmọ yìí ní ọmọ Yahoo níbí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Wáyà mi ló kán, ọwọ́ mi ló kán an. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.” Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Háà, Dádì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ti tán.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń ta páálí fóònù ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Wáyà tuntun ti dé, mo rà á. Ó ní kí n má sanwó, mo kọ̀, mo san án pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, mo sì pè é ní ọ̀gá mi.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ìyá ọjọ́ yẹn. Ọmọkùnrin náà ní kò padà wá mọ́. Ó sọ ọ́ láìbínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ìyá yẹn ń gbé níbì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìdímù tàbí Àkówọnjọ́, bóyá ó sì ti sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé kí wọ́n má lọ sí ìsọ̀ àwọn ọmọ Yahoo kan ní Ìkòtún. Mi ò mọ ilé rẹ̀, mi ò lè wá a lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ohun kan wà nínú bébà ọmọbìnrin yẹn tí mi ò tíì sọ. Àwọn àṣẹ tí mo kọ sí kọ̀ǹpútà lálẹ́ yẹn, bí a bá pa ẹ̀rọ náà, wọ́n á pòórá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, á tún padà sí ìwọ̀n kékeré bíi pé a kò sọ nǹkan kan. Nítorí náà ìlà kẹrin lórí bébà náà ni pé kí n kọ gbogbo àṣẹ yìí sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ .xprofile, kí ẹ̀rọ lè máa kà á ní gbogbo ìgbà tó bá jí. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan kó jókòó. Bí ẹ̀bẹ̀ tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá bi mí ládùúgbò wa níbi tí òun ti lè ra kọ̀ǹpútà, ìsọ̀ yẹn ni mo ń júwe, mo sì ń sọ ìdí rẹ̀, títí kan apá tó tì mí lójú. Àròkọ yìí wà lára rẹ̀. Bí ìyá yẹn bá ń ka ìwé yìí, kó mọ̀ pé èmi ni mo purọ́, ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan.

Ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ti rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí a kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ká di àpò wa mú, ká sì di ẹnu wa mú pẹ̀lú, ká béèrè. Bí èsì kò bá dé, ká wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu wáyà tiyín.